Èsì: Iná ọ́ìlì tó ń tàn bí ẹ́ńjìnì bá gbóná

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní iná ọ́ìlì ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes 911 yín ń tàn bí ẹ́ńjìnì bá gbóná. Ẹ má tíì tú ẹ́ńjìnì yẹn. Bí iná ọ́ìlì bá ti tàn bí ẹ ṣe wí, ẹ pa ẹ́ńjìnì kíá, kó má baà ba crankshaft (irin ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnì) jẹ́.

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ wo ìwọ̀n ọ́ìlì, kí ẹ fi ìka méjì ra á, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn bíi dísẹ́ẹ̀lì, tó sì ṣàn bí omi, ẹ wá ibi tí dísẹ́ẹ̀lì ti ń jò wọ inú ọ́ìlì kí ẹ tó pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà.

Bí ọ́ìlì bá dára, ẹ tú sẹ́ńsọ̀ tó ń tan iná ọ́ìlì, kí ẹ de géèjì ọlọ́wọ́ tó ń wọn agbára tí ọ́ìlì fi ń tì (oil pressure) síbẹ̀. Bí géèjì bá fi hàn pé agbára náà dára, sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́. Bí agbára náà bá ṣì lọ sílẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì gbóná, bẹ́árìn (ohun tí crankshaft ń yí lórí rẹ̀) tàbí pọ́ǹpù ọ́ìlì ló ti gbó. Bí ẹ bá da ọ́ìlì tó ki sí i, ó kàn máa bo àléébù náà mọ́lẹ̀ ni.