Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé omi wà nínú odò orí òkè?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà ni mò ń gbé. Ìjọba fẹ́ gba ẹ̀tọ́ omi, ìyẹn àṣẹ òfin lórí iye omi kan, fún odò kékeré kan tó ń ti orí òkè ṣàn wá sọ́dọ̀ wa, kí omi má baà gbẹ mọ́ ẹja nídìí. Kò sí ẹ̀rọ tó ń wọn omi lójú odò náà. Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé omi tí wọ́n ń béèrè wà níbẹ̀? Ṣé àwọn àgbẹ̀ tó ń fi omi náà rin oko kò ní pàdánù tiwọn?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Láti ọdún 1973 ni òfin ti fún Colorado Water Conservation Board, ìgbìmọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ yín tó ń bójú tó omi, láṣẹ láti gba ẹ̀tọ́ omi tí ẹnikẹ́ni kò ní fà jáde, tó jẹ́ pé inú odò gan-an ni yóò máa ṣàn. Àmọ́ ìgbìmọ̀ yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé omi náà wà, ọ̀tọ̀ sì ni ìyẹn sí iye tí ẹja nílò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pa méjèèjì pọ̀.

Ibi tí omi kò ti jìn, tó ń sáré lórí òkúta, ni wọ́n ti ń mọ ohun tí ẹja nílò, nítorí pé ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbẹ bí odò bá fà. Àwọn òṣìṣẹ́ á na tépù láti etí odò kan dé èkejì, wọ́n á wọn bí omi ṣe jìn tó àti bó ṣe ń yára tó, wọ́n á sì wo bó ṣe bo ìsàlẹ̀ odò tó. Nígbà ooru, omi gbọ́dọ̀ kúnjú ìwọ̀n nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà òtútù, méjì ti tó.

Ní ti iye omi tó wà, bí odò kò bá ní ẹ̀rọ tirẹ̀, wọ́n lè mú àkọsílẹ̀ odò ìtòsí tó jọ ọ́, kí wọ́n ṣírò rẹ̀ bá bí ilẹ̀ tí omi ti ń ya wọ inú odò yín ṣe fẹ̀ tó àti bí òjò àti yìnyín ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó, tàbí kí wọ́n lo StreamStats, ètò orí kọ̀ǹpútà ti U.S. Geological Survey, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ àti omi. Wọ́n á wá yọ omi tí àwọn àgbẹ̀ ń yà lọ sí oko lókè odò kúrò. Iye tó wà láàárín gan-an, bí a bá tò wọ́n láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù, ni mo fara mọ́ pé kí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, kì í ṣe ìpíndọ́gba. Ká ní ìṣàn odò kan nínú oṣù kan náà láàárín ọdún márùn-ún jẹ́ 2, 3, 4, 5 àti 26: ìpíndọ́gba á jẹ́ 8, bẹ́ẹ̀ ni omi kò dé 8 rárá nínú ọdún mẹ́rin, 4 ló wà láàárín. Ọdún kan ṣoṣo tí yìnyín yọ́ ní àyọ́jù ló da ìṣirò rú. Bí omi oṣù kan kò bá tó ohun tí ẹja nílò, wọ́n á dín iye tí wọ́n ń béèrè fún oṣù náà kù.

Ní ti àwọn àgbẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ dé odò ló ń kọ́kọ́ pọn omi lábẹ́ òfin Colorado. Ẹ̀tọ́ tuntun yìí yóò tò sẹ́yìn gbogbo àwọn tó ti wà ṣáájú rẹ̀. Kódà, àgbẹ̀ tó ti ń lo omi náà kí ìjọba tó béèrè, ṣùgbọ́n tí ilé ẹjọ́ omi kò tíì fọwọ́ sí tirẹ̀, òfin dáàbò bo ìlò rẹ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tètè fi ẹ̀rí ìlò rẹ̀ han ìgbìmọ̀ náà, kí wọ́n lè kà á mọ́ ìṣirò wọn.