Sítíárìn Ìjàpá bàbá mi kọ̀ kò yọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Ìbàdàn ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Bàbá mi fi ọkọ̀ Volkswagen kan sílẹ̀ fún mi, Ìjàpá yẹn, ọdún 1979 ni wọ́n rà á, mo wá ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ torí mi ò fẹ́ kó jẹrà sẹ́yìn ilé. Sítíárìn ẹ̀ ti sán káàkiri, mo ti ra òmíràn, àmọ́ èyí tó wà lára ẹ̀ kọ̀ kò yọ. Mẹkáníìkì tó ń bá mi ṣe é tú nọ́ọ̀tì, ó fà á títí kò mì, ló bá gbé òòlù ó fẹ́ máa lu orí irin àárín, mo ní kó dúró. Ó wá ní ká kúkú fi ayùn gé e. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sọ́nà míì ni?

ÌDÁHÙN: Ọ̀nà wà o, ẹ sì ṣeun gan-an tẹ́ẹ dá a dúró, torí òòlù yẹn gan-an ló ń ba ọ̀pọ̀ Ìjàpá jẹ́. Ẹ wò ó, orí irin gígùn tó ti ìsàlẹ̀ wá yẹn ní eyín wẹ́wẹ́ yíká, inú sítíárìn náà ní eyín tiẹ̀, wọ́n wá wọnú ara wọn. Ó ti lé lógójì ọdún tí wọ́n ti wà bẹ́ẹ̀, òógùn ọwọ́ ń kán sí i, ọ̀rinrin òjò ń wọ̀ ọ́, wọ́n ti dípẹtà mọ́ra ni. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Ẹni tó bá wá fi òòlù lu orí irin yẹn, tíréèdì, ìyẹn ojú tí nọ́ọ̀tì ń yí wọ̀, ló kọ́kọ́ máa fọ́, nọ́ọ̀tì ò ní lè wọ̀ ọ́ mọ́, bẹ́ríìnì tó gbé e dúró náà á gbà nínú ẹ̀. Èyí tó tún burú jù, ọ̀pọ̀ Ìjàpá tí wọ́n ṣe láti ìparí àwọn ọdún 1960 wá, wọ́n ṣe irin sítíárìn wọn kó lè ká wọlé tí mọ́tò bá forí sọ nǹkan, kó má baà gún awakọ̀ láyà. Ẹ fi òòlù lù ú, ẹ lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká a láìmọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ tú orí bátìrì, abẹ́ àga ẹ̀yìn ló wà nínú Ìjàpá, lápá ọ̀tún, tẹ́ ò bá tú u họ́ọ̀nù lè máa ké bẹ́ẹ fọwọ́ kan wáyà. Ẹ kọjú táyà iwájú síwájú gbọọrọ. Kẹ́ẹ rọra yọ ìdérí họ́ọ̀nù, ẹ yọ wáyà abẹ́ ẹ̀, nọ́ọ̀tì lẹ máa rí níbẹ̀, ẹ wá sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá a mu rẹ́gí. Tẹ́ẹ bá fẹ́ tú u, kí ẹnì kan di sítíárìn mú ṣinṣin, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ lọ́ọ̀kì sítíárìn lẹ gbára lé, irin kékeré ni, ó lè ṣẹ́.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ẹ fetí sí nìyí o: ẹ má yọ nọ́ọ̀tì yẹn tán! Ẹ fi í sílẹ̀ lórí tíréèdì bíi mẹ́ta mẹ́rin. Torí sítíárìn tó ti lẹ̀ fún ogójì ọdún, ọjọ́ tó bá máa já, ó máa já lójijì ni, ojú tàbí eyín ẹni tó ń fà á ló sì máa bọ́ sí. Tí nọ́ọ̀tì bá wà níbẹ̀ ó máa dá a dúró. Ẹ tún fi ọ̀dà fa ìlà kan láti orí irin kọjá sára sítíárìn, kẹ́ẹ lè mọ bí òmíràn ṣe máa dúró.

Ẹ fín WD-40 tàbí irú ọ́ọ̀lì bẹ́ẹ̀ síbi tí eyín ti wọra, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ tún fín in. Iṣẹ́ wákàtí kan kọ́ nìyí. Lẹ́yìn náà ẹ jókòó dáadáa, ẹ fi orúnkún ti abẹ́ sítíárìn lọ́tùn-ún lósì, ẹ di í mú lápá méjèèjì kẹ́ẹ máa mì ín, ẹ fa apá ọ̀tún, ẹ fa tòsì, ẹ fa òkè, ẹ fa ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń gbọ́ báyìí. Tí kò bá gbọ́, ẹ lọ yá púlà, irin ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n fi ń fa nǹkan tó há jáde, kẹ́ẹ fi ẹsẹ̀ ẹ̀ kọ́ ìdí àárín sítíárìn, kì í ṣe etí ẹ̀ tàbí apá ẹ̀, torí ó máa tẹ̀. Ẹ máa dì í díẹ̀díẹ̀, ẹ sinmi, ẹ tún dì í. Aṣọ tẹ́ẹ rì bọ omi gbígbóná lè ràn yín lọ́wọ́, iná gáàsì ò dáa rárá, ó máa yọ́ rọ́bà.

Tẹ́ẹ bá ń fi tuntun sí i, kí ọwọ́ tráfíkétọ̀ wà láàárín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ máa ṣẹ́ ibi tó ń dá a padà. Nǹkan bí 50 Nm ni wọ́n fi ń di nọ́ọ̀tì náà, ẹ yá tọ́ọ̀kì sípánà, ìyẹn sípánà tó ń fi bí ẹ ṣe dì í le tó hàn, ẹ má fojú díwọ̀n nǹkan tí ẹ̀mí yín wà lọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá jẹ́ mọ́tò tó ní ẹ́ábáàgì, àpò afẹ́fẹ́ tó ń bú jáde látinú sítíárìn, ni ẹ ní, mi ò ní sọ gbogbo èyí fún yín, ẹni tó mọ̀ ọ́n nìkan ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

ÌBÉÈRÈ: Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi kì í yí nígbà míì, sítíárìn náà á le pọnkú. Ṣé kí n ra suwíìṣì tuntun ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì náwó. Táyà tó tì mọ́ etí kòtò ló sábà ń fún lọ́ọ̀kì yẹn pa. Ẹ máa mi sítíárìn díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bẹ́ẹ ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́, ẹ má fi agbára yí i, ó máa ṣẹ́ sínú. Tí ihò kọ́kọ́rọ́ bá ń há, ẹ ha dúdú pẹ́ńsù sára kọ́kọ́rọ́, ẹ tì í wọlé, ẹ fà á jáde bí ẹ̀ẹ̀mélòó kan. Ẹ má da ẹ́ńjìn ọ́ọ̀lì síbẹ̀, eruku ló máa kó jọ.