Ẹ̀ka mẹ́ta, àpótí kan: báwo la ṣe máa pín ibi ìpamọ́ inú Archivematica?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń bójú tó ilé ìkówèésí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Nàìjíríà. Ó ti tó ọdún méjì tí a ti ń lo Archivematica, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tọ́jú fáìlì kí ó lè pẹ́. Ẹ̀ka mẹ́ta ló ń kó ẹrù sínú rẹ̀: àwa tí a ní kásẹ́ẹ̀tì oríkì àti ìjálá tí àwọn olùkọ́ wa gbà sílẹ̀ láyé ọjọ́sí, ẹ̀ka ìtàn tó ní fọ́tò, àti ọ́fíìsì tó ń tọ́jú èsì ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Location kan ṣoṣo, ìyẹn àpótí ìpamọ́ kan, ni gbogbo wa ń kó o sí, orúkọ kan náà la sì fi ń wọlé. Ó ti fẹ́ kún báyìí, a ò sì mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni mọ́. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní London tún ń bẹ̀ wá pé ká fún àwọn ní password kí àwọn lè máa gbọ́ oríkì ìlú. Ṣé kí n ṣí àpótí ọ̀tọ̀ fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni? Kí ni kí n sì sọ fún àwọn ti London?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú làálàá. Kí n tó dé ibi kankan, mo bẹ̀ yín, ẹ má fún àwọn ará London ní password. Wọ́n máa gbọ́ oríkì ìlú wọn, ó sì tọ́ kí wọ́n gbọ́ ọ, àmọ́ ẹnu ọ̀nà mìíràn ni wọ́n máa gbà.

Ẹ má sì ṣí àpótí fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ á fẹ̀yìn tì, tàbí kó gba ibòmíràn lọ, ẹrù á wá wà nílẹ̀ láìsí ẹni tó máa sọ pé òun ló ni ín. Ohun tí èmi fi ń pín àpótí ni òfin tó de ẹrù: ta ló ni ín, ọdún mélòó la máa fi tọ́jú rẹ̀, ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti fojú kàn án. Ẹrù méjì tí ìdáhùn wọn bá yàtọ̀ kò gbọdọ̀ sùn sínú yàrá kan náà. Kásẹ́ẹ̀tì ìjálá yín, títí ayé ni, ìdílé àwọn tó sun ún sì ní ẹ̀tọ́ nínú rẹ̀. Èsì ìdánwò ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ àṣírí ẹni ni, Òfin Ààbò Dátà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 sì dè yín mọ́ ọn. Bí ẹni tó wá gbọ́ ìjálá bá lè ṣèèṣì rí èsì ọmọ ọlọ́mọ, ẹ ti jẹ̀bi.

Bí Archivematica ṣe to ilé rẹ̀ rèé. Ohun tó ń pè ní Space ni agboolé, ibi tí ẹrù wà gan-an: háàdì dísìkì inú sáfà yín, tàbí NFS (dísìkì ẹ̀rọ mìíràn tí ẹ ń lò láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì), tàbí ibi ìpamọ́ S3 orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń sanwó fún. Location ni yàrá inú agboolé náà. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ kan ṣoṣo tí a yàn fún un: ibì kan wà tí ẹrù tuntun ń gbà wọlé, ibì kan wà fún AIP, ibì kan wà fún DIP. AIP ni ojúlówó ẹrù tí a fẹ́ tọ́jú pẹ̀lú gbogbo ìwé ẹ̀rí rẹ̀. DIP ni ẹ̀dà fẹ́ẹ́rẹ́ tí a ṣe fún àwọn tó fẹ́ gbọ́ tàbí tó fẹ́ wò. Inú OAIS, ìlànà àgbáyé tí ISO tẹ̀ jáde lọ́dún 2003, ni wọ́n ti mú àwọn orúkọ yẹn. Pipeline sì ni odidi Archivematica kan tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ lè so Location kan mọ́ pipeline kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé bí àwọn bá ti ṣí Location mẹ́ta, àwọn ti ti ilẹ̀kùn mẹ́ta nìyẹn. Rárá o. Location kì í ṣe àgádágodo. Ẹni tó bá wọ inú pipeline kan yóò rí àwọn AIP tó gba ibẹ̀ kọjá lójú ewé Archival Storage, yàrá yòówù kí wọ́n wà. Storage Service, apá Archivematica tó ń bójú tó ibi ìpamọ́, ní ipò oríṣiríṣi fún òṣìṣẹ́, láti ẹni tó kàn lè wò títí dé alábòójútó pátápátá, ṣùgbọ́n ipò náà kò mọ yàrá kan yàtọ̀ sí èkejì. Fún ìjálá àti fọ́tò, Location méjì lórí pipeline kan náà ti tó, torí kò sí ohun tó burú bí ẹ̀ka ìtàn bá rí orúkọ kásẹ́ẹ̀tì yín. Èsì ìdánwò ni kò gbọdọ̀ bá wọn gbé. Ẹ gbé Archivematica mìíràn kalẹ̀ fún ọ́fíìsì yẹn, pẹ̀lú Storage Service tirẹ̀. Ó máa ná yín lówó, ó sì máa dá kún iṣẹ́ ẹni tó ń bójú tó sáfà, ṣùgbọ́n mi ò rí ọ̀nà àbùjá kankan níbẹ̀.

Orúkọ kan náà tí gbogbo yín fi ń wọlé ló bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà yín. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, bí ẹ ti ń ṣe yìí gan-an la ń ṣe. Lọ́jọ́ kan, ibi ìpamọ́ kún, ẹnì kan nínú wa sì ń wá àyè. Ó rí AIP méjì: ọ̀kan ń jẹ́ owo, èkejì náà ń jẹ́ owo, nọ́ńbà gígùn tí ẹ̀rọ so mọ́ wọn nídìí nìkan ló yàtọ̀. Ó rò pé ẹ̀dà ara wọn ni. Ó béèrè pé kí wọ́n pa ọ̀kan rẹ́, ó tún fi orúkọ kan náà wọ Storage Service, ó sì fọwọ́ sí ohun tí òun fúnra rẹ̀ béèrè. Ọ̀kan jẹ́ ewì lórí owó. Èkejì jẹ́ oríkì ìlú Ọ̀wọ̀ lẹ́nu ìyá àgbà kan. Ti ìyá àgbà ló lọ. Téèpù inú kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti bu, kò ṣeé fi sẹ́nu ẹ̀rọ mọ́, ìyá náà sì ti kú kí á tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Archivematica ti ṣe ojúṣe tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ pa AIP rẹ́ gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹlòmíràn nínú Storage Service á fọwọ́ sí i tàbí kó kọ̀ ọ́. Ojú méjì ni wọ́n ṣe é fún, àwa la sọ ọ́ di ojú kan. Nítorí náà, kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àkáǹtì tirẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Kí ẹni tó ń béèrè ìparẹ́ má ṣe jẹ́ ẹni tó ń fọwọ́ sí i láé.

Ohun kejì tí ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ mi ni ti àmì orí ọ̀rọ̀. Bí ẹrù bá ti ń wọlé, Archivematica máa ń tún orúkọ fáìlì àti fódà kọ ní lẹ́tà tí kò lè da kọ̀ǹpútà kankan láàmú. Àmì òkè á bọ́, àmì ìsàlẹ̀ á bọ́. Owó, ọwọ́, ọ̀wọ̀, òwò: gbogbo wọn á di owo. Kò ju orúkọ àkọ́kọ́ nù, ó wà nínú METS, fáìlì àlàyé tó ń bá AIP rìn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá àyè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kò ní ṣí METS. Nọ́ńbà kásẹ́ẹ̀tì ni mo máa ń fi ṣíwájú orúkọ báyìí, bíi KAS-0147-A-owo, A fún ẹ̀gbẹ́ kìíní, B fún ẹ̀gbẹ́ kejì. Orúkọ gidi, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, wá lọ sínú metadata.csv, fáìlì àlàyé tí a fi ń bá ẹrù wọlé, lábẹ́ dc.title, ìyẹn àyè àkọlé. Kò sẹ́ni tó máa bọ́ ọ láṣọ níbẹ̀.

Ní ti àyè tó ń kún, ẹ ṣírò kí ẹ tó pín in. Kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan, tí ẹ bá gbà á sínú kọ̀ǹpútà ní WAV 24-bit, 96 kHz, sítẹ́rìò, á gba bíi 2 GB. Igba kásẹ́ẹ̀tì á gba nǹkan bí 415 GB, tí ẹ bá sì ṣe ẹ̀dà kejì, 830 GB. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀dà kejì: ẹ ṣí Location tí iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ Replicator sórí Space tí kò sí nínú ilé kan náà, kí ẹ so ó mọ́ Location AIP yín. AIP tó bá wọlé láti ìgbà náà, ẹ̀rọ á fúnra rẹ̀ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ tún fi òdiwọ̀n sí Location kọ̀ọ̀kan, kí fọ́tò má baà jẹ àyè ìjálá.

Ó wá ku àwọn ará London. DIP ni tiwọn. Ẹ ya Location DIP kan sọ́tọ̀ fún oríkì, kí ẹ gbé àwọn MP3 inú rẹ̀ lọ sínú AtoM, ètò tí èèyàn fi ń wo ẹrù ilé ìpamọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Artefactual ní Kánádà, tó ṣe Archivematica, náà ló ṣe AtoM, wọ́n sì mọ ara wọn. Wákàtí kan tó jẹ́ 2 GB ní WAV kò ju bíi 58 MB lọ ní MP3 128 kbps. Ẹni tó wà ní Peckham ní London lè fi fóònù gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì láìfọwọ́ kan ojúlówó.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé e, ẹ lọ bá ìdílé àwọn tó ké e. Kì í ṣe torí Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti 2022 nìkan. Oríkì kan wà tí wọ́n ń ké lójúde, ọ̀rọ̀ mìíràn sì wà tí kì í jáde kúrò láàrin àwọn awo. Olùkọ́ tó gbà á sílẹ̀ nígbà náà lè ti ṣèlérí ohun kan tí kò kọ sílẹ̀, àwọn ọmọ ẹni tó ké e ló máa rántí. Níbi tí ìdílé bá ti ní rárá, ẹ má ṣe DIP fún un. Kí AIP rẹ̀ dúró sí yàrá rẹ̀ jẹ́ẹ́.

Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ bá yín tọ́jú ẹ̀dà, kí iná tàbí omi má baà gbé gbogbo rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ó sì yẹ kí ẹ gbà pẹ̀lú ayọ̀. Ẹ dì í fún wọn ní àpò BagIt, ìlànà dídi fáìlì pọ̀ pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní RFC 8493 lọ́dún 2018. AIP yín fúnra rẹ̀, BagIt ni. Manifest inú àpò náà kọ orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ̀ka rẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 tí SHA-256 ń gbé jáde. Bí ohun tó kéré jù nínú fáìlì náà bá yí padà lójú ọ̀nà, ìtẹ̀ka kò ní bára mu mọ́.

Tí ẹ bá wá fọwọ́ ara yín di àpò láti inú fódà tí kò gba Archivematica kọjá, ẹ tún ṣọ́ra fún àmì. Ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà kọ lẹ́tà “ọ”: bí odidi lẹ́tà kan, tàbí bí lẹ́tà “o” tí a fi àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé. Lójú wa, ọ̀kan ni. Lójú ẹ̀rọ, orúkọ méjì ni. Mac tó ń lo HFS+, ọ̀nà àtijọ́ tí Mac fi ń to fáìlì, máa ń tú lẹ́tà náà ká fúnra rẹ̀, irinṣẹ́ ìyẹ̀wò sì lè sọ pé fáìlì sọnù, bẹ́ẹ̀ fáìlì wà níwájú ẹni kedere. Mo ti fi ọ̀sán kan gbáko wá Ọ̀ṣun.wav tí kò kúrò lójú kan. Ẹ kọ orúkọ láìsí àmì fún irú àpò bẹ́ẹ̀, kí àmì wà nínú metadata.

Tí ẹ bá ti ṣí yàrá tuntun, ẹ má fi ọwọ́ gbé fódà AIP lọ síbẹ̀. Inú database Storage Service ni àdírẹ́sì ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Bí ẹ bá gbé e láìsọ fún un, ibi àtijọ́ ni yóò ṣì máa wá a sí. Kí ẹni tó ń bójú tó sáfà lo API, ọ̀nà tí a fi ń pàṣẹ fún ètò náà, kí Storage Service fúnra rẹ̀ gbé e. Ti èsì ìdánwò, ẹ gba AIP wọn jáde, kí ẹ tún wọn gbà wọlé ní pipeline tuntun, kí ẹ yẹ ìtẹ̀ka gbogbo wọn wò níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó béèrè ìparẹ́ ti àtijọ́, kí ẹnì kan láti ọ́fíìsì yẹn sì jókòó ti yín nígbà tí ẹ bá ń fọwọ́ sí i.