Láti Saint Helena dé Ascension: wákàtí mélòó gan-an ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkànnì kan tó ń ṣírò ọ̀nà sọ fún mi pé 1,300 kìlómítà ló wà láàárín pápákọ̀ òfúrufú Saint Helena àti ti Ascension (erékùṣù méjì nínú òkun Àtìláńtíìkì), pé wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 35 ni bàálù yóò fi dé ibẹ̀. Ṣé mo lè lọ láàárọ̀ kí n padà lálẹ́?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ètò ọ̀nà àti epo bàálù ni iṣẹ́ mi, ó sì ń dùn mí bí àwọn èèyàn ṣe ń gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ nítorí irú ìṣirò yìí. Ìkànnì yẹn kò wo tábìlì ìrìnnà bàálù kankan. Ó kàn fi nǹkan bíi 820, ìyẹn iye kìlómítà tí bàálù ń fò ní wákàtí kan, pín 1,300 ni, ó sì pe èsì rẹ̀ ní àkókò ìrìn-àjò. Ẹ fún un ní orúkọ erékùṣù méjì tí bàálù kò tíì fò láàárín wọn rí, yóò dá yín lóhùn bákan náà.

Iye kìlómítà yẹn tọ̀nà. Àsìkò tí bàálù fi ń rìn nílẹ̀, tó fi ń gòkè, tó sì fi ń dẹwọ́ eré kó tó balẹ̀ ni kò kà mọ́ ọn. Ẹ fi í sí bíi wákàtí méjì. Afẹ́fẹ́ lè fà á gùn.

Àmọ́ wákàtí kọ́ ni ìṣòro yín. Láti 2017 tí bàálù èrò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà yìí, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni. Bó bá ti padà lẹ́yìn yín, ó di oṣù tó ń bọ̀.

Afẹ́fẹ́ Saint Helena náà kò ṣeé fojú di. Orí òkè etí òkun ni pápákọ̀ náà wà, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì máa ń yí padà lójijì (wind shear ni àwa ń pè é). Òun ló jẹ́ kí wọ́n sún ṣíṣí rẹ̀ fún bàálù èrò síwájú ní 2016, tó fi di oṣù kẹwàá 2017. Bí bàálù kò bá rí ilẹ̀ bà níbẹ̀, Ascension yìí kan náà ni pápákọ̀ tó sún mọ́ ọn jù. Ìdí nìyẹn tí bàálù tó ń ti Johannesburg bọ̀ fi máa ń dúró ní Namibia rọ epo, kó lè ní èyí tí yóò fi padà.

Ẹ kò sì lè kàn wọ Ascension. Ẹ gbọ́dọ̀ ti gba ìwé àṣẹ ìwọlé kí ẹ tó gbéra.

Ẹ béèrè ọjọ́ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ bàálù fúnra rẹ̀, torí ètò lè yí padà, n kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ní bàálù mìíràn tí ẹ máa wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi ọjọ́ mélòó kan sílẹ̀ sáàárín.