Láàbù ní àwọn ò rí kòkòrò, ìgbẹ́ ọmọ mi ṣì ní ẹ̀jẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ó di ọjọ́ kẹfà lónìí tí ọmọ mi, ọmọ oṣù mẹ́rìnlá, ti ń yàgbẹ́ gbuuru. Ibà ló kọ́kọ́ mú un, lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wà nínú ìgbẹ́. A lọ ṣe àyẹ̀wò. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n fún mi ní ìwé kan tó ní wọn ò rí Salmonella, wọn ò sì rí Shigella, àwọn kòkòrò méjì tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Aládùúgbò mi tó bá mi kà á ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí kòkòrò kankan. Kí ló wá ń fa ẹ̀jẹ̀? Ṣé wọ́n kàn gba owó mi lásán ni? Adìẹ ni mo ń sìn tà lẹ́yìnkùlé wa, mi ò ráyè àlọ-àbọ̀. — Ìyá Àlàbá, Ṣágámù

ÌDÁHÙN: Ìyá Àlàbá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kí n tó sọ̀rọ̀ láàbù rárá: ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, tí ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ gbé e padà sí lónìí. Ẹ máa fún un ní ORS díẹ̀díẹ̀, ẹ má sì já a lẹ́nu ọmú. Bí ojú rẹ̀ bá jìn sínú, tí kò tọ̀, tàbí tó kàn ń tòògbé ṣáá, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Wọn ò jẹ owó yín. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn kò sọ pé kò sí kòkòrò. Ohun tó sọ ni pé wọ́n wá méjì, wọn ò sì rí wọn. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ká mi lára, nítorí ojoojúmọ́ ni mò ń rí ìyá tó ti gbà pé ọmọ òun kò ní nǹkan kan: àwa ará láàbù, ohun tí a bá wá nìkan la lè rí. Àwọn kòkòrò kan wà tí àwo (abọ́ pẹlẹbẹ tí a fi oúnjẹ kòkòrò sí) tí a fi ń wá Salmonella kò lè hù jáde, àfi kí ẹni tó jókòó sídìí iṣẹ́ mọ̀ pé òun ń wá wọn. Àwọn tí ara wọn tẹ̀, tí wọn kì í di àwọ̀ àlùkò Gram mú (aró tí a fi ń kun kòkòrò kó lè hàn lábẹ́ máíkírósíkóòpù), tó jẹ́ pé pupa rẹ́súrẹ́sú ni wọ́n ń hàn, wà lára wọn.

Pẹ̀lú adìẹ tí ẹ mẹ́nu bà, bó bá jẹ́ èmi, kòkòrò kan tí à ń pè ní Campylobacter ni màá ní kí wọ́n wá. Mi ò sọ pé òun ni o. Àyẹ̀wò ló máa sọ. Inú ìfun adìẹ ló fi ṣe ilé, láìṣe adìẹ náà ní nǹkan kan. Ara adìẹ gbóná ju tiwa lọ, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ìwọ̀n 42 Sẹ́ńtígíréèdì la máa ń gbé àwo rẹ̀ sí, dípò 37. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni afẹ́fẹ́. Ọ́síjìn inú èyí tí à ń mí tó ìdá 21 nínú 100, ó sì pọ̀ jù fún un. Bí ìdá 5 ló ń fẹ́, pẹ̀lú kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì bí ìdá 10. Nítorí náà, inú ìgò tí a dé pinpin ni àwo náà ń wà, pẹ̀lú sáṣẹ́ẹ̀tì tó ń fa ọ́síjìn. Sáṣẹ́ẹ̀tì yìí wọ́n, ọ̀pọ̀ láàbù kò sì ní i. Àwọn kan a máa tan àbẹ́là sínú ìgò kí wọ́n tó dé e. Ó sàn ju kí a má ṣe é lọ, ṣùgbọ́n ọ́síjìn tí àbẹ́là ń fi sílẹ̀ ṣì pọ̀, ọkàn mi kì í balẹ̀ sí i.

A tún ń po oògùn apakòkòrò mọ́ oúnjẹ inú àwo, kí àwọn kòkòrò ìfun yòókù má bàa bò ó mọ́lẹ̀. Kí Martin Skirrow tó fi hàn ní Worcester, nílẹ̀ England, lọ́dún 1977 pé láàbù ilé ìwòsàn lásán lè ṣe báyìí, ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ gbuuru ni kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fà á. Wákàtí 48 ló ń gbà, ó lè di 72. Bó bá hù, a óò wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù: tín-ín-rín, ó tẹ̀ bíi lẹ́tà S.

Ohun tí ẹ óò ṣe nìyí. Ẹ bi láàbù tí ẹ bá fẹ́ lọ bóyá wọ́n ń ṣe ti Campylobacter. Ẹ ní kí dókítà kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù, kó sì kọ adìẹ náà sí i. Ẹ gba ìgbẹ́ tútù sínú ike mímọ́, ẹ má há a láti inú Pampers tí ìtọ̀ ti rin, kó sì dé láàbù láàárín wákàtí méjì. Kòkòrò yìí kì í pẹ́ kú níta. Kó jẹ́ kí ọmọ tó mu oògùn apakòkòrò. Bó bá ti mu ún, ẹ sọ orúkọ oògùn náà fún wọn. Ẹ má sì jẹ́ kí Àlàbá máa rákò níbi tí adìẹ ń yàgbẹ́ sí.

Ẹlòmíràn lè máa bi mí pé onígbáméjì ńkọ́? Òun náà tẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ tirẹ̀ dà bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì, kì í sábà ní ẹ̀jẹ̀. Nígbà tó bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, bí wọ́n ṣe ń wá a nìyí: inú omi alikálì ni a ń kọ́kọ́ fi ìgbẹ́ sí fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, nítorí Vibrio, kòkòrò onígbáméjì, fẹ́ràn rẹ̀, ó sì máa ń yára pọ̀ sí ojú omi ju àwọn yòókù lọ. Ojú omi yẹn la ti ń bù ú sórí àwo aláwọ̀ ewé tí à ń pè ní TCBS, tí a ṣe fún wíwá Vibrio. Ibi tí Vibrio cholerae bá ti jẹ ṣúgà inú àwo náà á di àwọ̀ ìyeyè. A óò wá po díẹ̀ mọ́ kẹ́míkà kan tí à ń pè ní deoxycholate. Bí òun bá ni, yóò fà tẹ̀lé wáyà tí a fi ń pò ó bí ọbẹ̀ ilá. Lẹ́yìn èyí la tó ń lo omi-ara alátakò (omi inú ẹ̀jẹ̀ tó ń dá kòkòrò mọ̀) ti O1 àti O139, àwọn irú méjì tó ń fa àjàkálẹ̀ onígbáméjì, láti mọ irú èyí tó jẹ́. Kí ìyẹn tó parí, kí àwọn elétò ìlera ìjọba ìbílẹ̀ ti gbọ́, kí omi sì ti máa wọ ara aláìsàn. A kì í dúró de àwo.

ÌBÉÈRÈ: Mo lo oògùn H. pylori, kòkòrò inú àpò oúnjẹ, tán, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣì ní ó wà. Ṣé kí n tún un lò? — T. A., Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì tún un lò, sà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń rí àwọn ọmọ ogun ara tó bá kòkòrò náà jà, wọ́n sì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tó ti kú. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ tàbí ti èémí ló ń sọ ti òní. Ẹ jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó kéré tán, lẹ́yìn oògùn apakòkòrò, kí ẹ sì ti fi omeprazole (oògùn tó ń dín ásíìdì inú ikùn kù) sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn tí dókítà bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ẹ tó lọ.