Owó Tí Ọkọ̀ Bọ̀gìnnì Àlòkù Ń Gbà: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Lára àwọn lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa láti apá ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí, mẹ́ta ló dá lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ìyẹn owó tí ọkọ̀ bọ̀gìnnì tó ti pẹ́ láyé máa ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá rà á. A gé wọn kúrú díẹ̀, a sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò.

Ìbéèrè: Òkun o, ẹ̀yin olóòtú. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, Kábà ni mo sì ń gbé. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta mọ́tò ní Abuja fẹ́ ta Mercedes-Benz S500 ti ọdún 2003 fún mi ní iye tí wọ́n ń ta Corolla ọdún kan náà. Inú ọkọ̀ náà mọ́ tónítóní, awọ ìjókòó rẹ̀ kò ya, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sì pariwo. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní kí n sá fún un, pé yóò jẹ owó ìfẹ̀yìntì mi tán, ọmọ mi tó wà ní Amẹ́ríkà náà sì sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ, àbí ìlara ni? – *Olùkọ́ àná, Kábà*

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ àná, ẹ kú ìsinmi. A kò rò pé ìlara ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ba àwọn ẹgbẹ́ yín lẹ́rù yàtọ̀ sí ohun tó ń ba ọmọ yín lẹ́rù, ó sì yẹ kí ẹ mọ ìyàtọ̀ náà kí ẹ tó pinnu.

Nígbà tí S500 yìí jáde ní tuntun ní Amẹ́ríkà, iye rẹ̀ lé ní 75,000 dọ́là, bẹ́ẹ̀ ni Corolla ọdún náà kò tó 16,000. Ó lé ní ogún ọdún báyìí, ọjọ́ orí sì ti mú kí àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lójú àwọn oníṣòwò Abuja, àmọ́ iye ẹ̀yà ara S500 kò bá ọkọ̀ náà sọ̀kalẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì iwájú rẹ̀ ṣì jẹ́ ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ tó lé ní 75,000 dọ́là. Ẹni tó fi owó ewúrẹ́ ra ẹṣin, oúnjẹ ẹṣin ni yóò máa wá fún un. Ẹ wo pọ́lọ́ọ̀gì lásán: mẹ́rin ni Corolla ń lò, S500 ń lo 16, nítorí pé sìlíńdà mẹ́jọ ló ní, wọ́n sì fi pọ́lọ́ọ̀gì méjì-méjì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sì sí èyí tí a kì í fi dọ́là ra wọlé nínú àwọn ẹ̀yà yìí, ì báà ṣe tuntun, ì báà ṣe tọ́kùnbọ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀, àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládìpọ̀ ní Èkó àti ní Gate ní Ìbàdàn kò lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́ pé iye tí àwọn dá lé ọjà lónìí ni àwọn yóò tà á lọ́la. Èyí ni ẹ̀rù àwọn ẹgbẹ́ yín, ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Wọn yóò sọ̀rọ̀ epo pẹ̀lú, nítorí pé gbogbo wa la rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà bẹntiróòlù kan tí kò tó ₦200 di ohun tó lé ní ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. S500 ń mu tó lítà 13 ní 100 kìlómítà, Corolla ń mu tó 8. Ìyàtọ̀ náà kò kéré, pàápàá nígbà tí ènìyàn bá ń kún àgbá tó gba lítà 88. Síbẹ̀, tó bá jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì, ìnáwó àti ìpàdé ẹgbẹ́ nìkan ni ẹ óò máa gbé e lọ, epo kọ́ ni yóò dà yín láàmú.

Ẹ̀rù ọmọ yín ní tirẹ̀ jẹ́ ẹ̀rù ìlú tó ń gbé. Níbẹ̀, wákàtí-wákàtí ni mẹkáníìkì ń gba owó, nítorí náà owó iṣẹ́ ọwọ́ lè ju owó ẹ̀yà tí wọ́n pààrọ̀ lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Nílé níbí, owó iṣẹ́ ọwọ́ ṣì fara mọ́ni. Ohun tó ń ba olówó ọkọ̀ bọ̀gìnnì jẹ́ lọ́dọ̀ tiwa ni àbá dídá, kí mẹkáníìkì sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ èyí wò ná." Lórí Corolla, ẹ̀yà tí a pààrọ̀ wò tí kì í ṣe òun ló bàjẹ́ kò lè gbé ilé tà. Lórí S500, àṣìṣe kan bẹ́ẹ̀ lè gba owó ìfẹ̀yìntì oṣù púpọ̀, àìsàn ọkọ̀ náà yóò sì ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi gíà rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Gíà oní-ìpele-márùn-ún tó wà nínú S500 ọdún yẹn lágbára, ṣùgbọ́n ibi tí wáyà ti wọ inú rẹ̀ ní ìdérí oníke kékeré kan tí a fi òrùka rọ́bà dí. Bí rọ́bà náà bá ti gbó, ọ́ìlì gíà yóò máa yọ́ jáde níbẹ̀, yóò sì máa gba inú wáyà gòkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé inú kọ̀ǹpútà tó ń darí gíà náà. Lọ́jọ́ kan, gíà yóò dúró sójú kan, ọkọ̀ kò ní lè sáré mọ́. Ẹni tó ń dá àbá yóò ní gíà ti kú, yóò sì ní kí ẹ lọ ra odidi gíà tọ́kùnbọ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, yóò na ọwọ́ sí ìdérí náà, bó bá rí ọ́ìlì pupa lórí rẹ̀, yóò kọ́kọ́ pààrọ̀ rẹ̀, yóò nu ẹnu wáyà, yóò sì kún ọ́ìlì gíà. Iye ìdérí náà kò tó ìdá kan nínú ogún iye gíà tọ́kùnbọ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ni ta ni yóò máa bá yín wo ọkọ̀ náà. Àwọn mẹkáníìkì wa ní Kábà mọ Toyota bí ẹni mọ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ní kọ̀ǹpútà tó lè bá Benz sọ̀rọ̀ dénú ṣọ̀wọ́n láàárín wọn. Ẹ̀rọ ìléwọ́ kékeré tí wọ́n ń so mọ́ gbogbo ọkọ̀ láti ka àìsàn rẹ̀ kò tó; ẹ́ńjìnnì nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn ń kà, wọn kì í rí gíà, bùréèkì tàbí àpò afẹ́fẹ́ tó gbé ọkọ̀ náà dúró dípò sípíríìn. Bó bá jẹ́ Abuja tàbí Ìlọrin ni ẹ óò ti máa rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ ka owó ìrìn àjò náà mọ́ owó ìtọ́jú, kí ẹ sì rántí pé ọkọ̀ tó dákú kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé Abuja.

Ẹ́ńjìnnì S500 ọdún náà ni ìròyìn ayọ̀ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣéènì ló ń lò, kò ní bẹ́líìtì inú tí ń já, ó sì wà lára àwọn tó lálòpẹ́ jù lọ nínú ohun tí ilé iṣẹ́ náà ṣe. Bí oníṣòwò náà bá sọ pé òun ní E350 ti 2005 tàbí 2006, tó sì fi ń yín in pé ó kéré lọ́jọ́ orí, ẹ má jẹ́ kó fi yí yín lọ́kàn padà. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì V6 (onísìlíńdà mẹ́fà) àkókò yẹn, irú èyí tó wà nínú E350, eyín ọ̀pá kan tó wà nínú ẹ́ńjìnnì máa ń jẹ tán kó tó ọjọ́, a kò sì lè tún un ṣe láìsọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀.

Ohun tí a óò ṣe bó bá jẹ́ àwa ni yìí. Ẹ ní kí wọ́n fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ mọ́jú láìtan iná sí i, kí ẹ sì wá wò ó ní òwúrọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Bí apá kan bá ti wọlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ máa jò níbẹ̀, ẹ ti rí ìṣòro àkọ́kọ́. Ẹ mú ẹni tó mọ Benz dání pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó kà á, kí ẹ wa ọkọ̀ náà jìnnà, kó sì tún un kà, torí pé àwọn kan máa ń pa àmì àìsàn rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí oníbàárà ń bọ̀. Bí ẹ bá ra ọkọ̀ náà, kí ìdajì iye tí ẹ rà á ṣì wà ní báńkì fún òun nìkan ní ọdún àkọ́kọ́. Bí kò bá sí ìdajì yẹn, ẹ fi sílẹ̀. A mọ̀ pé ní ilẹ̀ Òkun, ọkọ̀ tí ènìyàn gbé dé ibi ìnáwó òkú àgbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, a kò sì ní dá yín lẹ́bi bí S500 bá wù yín. Ṣùgbọ́n S500 tó dúró sí ìta ilé láti ọdún tó kọjá, tí adìẹ ń yé sí abẹ́ rẹ̀, kì í buyì kún ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì ni mí ní Ìsànlú. Lexus RX 330 ti ọdún 2005 ni mò ń lò, ó sì ti rin tó 150,000 kìlómítà. Mẹkáníìkì mi sọ pé kí n pààrọ̀ timing belt, ìyẹn bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì, àti pọ́ǹpù omi, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ náà kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ó fẹ́ jẹ mí lówó ni. Kí ni kí n ṣe? – *Nọ́ọ̀sì, Ìsànlú*

Ìdáhùn: Ẹ bá wa bẹ ẹ̀gbọ́n yín, mẹkáníìkì yín tọ̀nà. Rọ́bà ni bẹ́líìtì náà, ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà sì fi ààlà 90,000 máìlì sí i, ìyẹn tó 145,000 kìlómítà, nítorí pé kì í fi àpẹẹrẹ hàn kó tó já. Bó bá já lórí eré, àwọn písítìnnì lè lu fáàfù, ẹ óò sì máa wá owó ẹ́ńjìnnì dípò owó bẹ́líìtì. Bẹ́líìtì yìí kan náà ló ń yí pọ́ǹpù omi, ibi kan náà ni wọ́n sì ń tú kí ọwọ́ tó kan méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ pààrọ̀ ọ̀kan kí ẹ fi èkejì sílẹ̀. Ẹ ra ojúlówó, kí ẹ sì ní kó kọ ọjọ́ àti iye kìlómítà sára páálí tí ẹ óò lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ẹ lè fi tu ẹ̀gbọ́n yín lójú ni pé RX 330 àti Toyota Sienna ọdún 2004 sí 2006 ń lo irú ẹ́ńjìnnì kan náà, nítorí náà ẹ̀yà rẹ̀ wà káàkiri, iye rẹ̀ kò sì tó ti àwọn ọkọ̀ Jámánì.

Ìbéèrè: Oníṣòwò ni mí ní Mọ̀pà, Mercedes-Benz E500 ti 2004 ni mò ń gùn. Bí mo bá gbé e sílẹ̀ lálẹ́, iwájú rẹ̀ lápá òsì á ti wọlẹ̀ kó tó di òwúrọ̀. Mẹkáníìkì ti pààrọ̀ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì, àwọn méjèèjì sì ti jóná. Ní báyìí ó ní ká yọ afẹ́fẹ́ kúrò, ká fi sípíríìn sí i. Ṣé kí n gbà? – *Oníṣòwò, Mọ̀pà*

Ìdáhùn: Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kọ́ ló ń ṣe ọkọ̀ yín. Àpò rọ́bà ni afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn kòtò tó wà láàárín Ẹ̀gbẹ̀ àti Òmù-Àrán, àti èyí tí ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ń gbẹ́ sójú ọ̀nà Ọbájànà, sì mọ bí wọ́n ṣe ń já irú rọ́bà bẹ́ẹ̀. Bí àpò bá ti ń jò, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kò ní sinmi títí yóò fi jó. Ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, ẹ gbé ọkọ̀ náà sókè, kí ẹ da omi ọṣẹ náà sí àpò iwájú òsì, pàápàá ibi tí rọ́bà ti ká po nísàlẹ̀, kí ẹ sì da díẹ̀ sí orí ibi tí ọ̀pá afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́. Ibi tó bá ń hó ni ó ń jò. Bí kò bá sí èyí tó hó, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí àpótí fáàfù tó ń pín afẹ́fẹ́. Nígbà tí ẹ bá sì ń fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ mìíràn sí i, ẹ pààrọ̀ relay rẹ̀, ìyẹn suwíìṣì kékeré tó ń tan án tó sì ń pa á, mọ́ ọn, nítorí relay tó ti lẹ̀ kì í jẹ́ kó dáwọ́ dúró, ìyẹn nìkan sì tó láti jó èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Ìkìlọ̀ kan wà tí a kò lè fò kí a tó dórí sípíríìn. E500 ọdún yẹn ń lo bùréèkì oníná tí kọ̀ǹpútà ń darí, tó lè fi agbára tẹ ara rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ wà lórí jáàkì tí kò sì sẹ́ni nínú rẹ̀, kódà bí ẹnìkan bá kàn ṣílẹ̀kùn. Mẹkáníìkì tó ń pààrọ̀ páàdì lè fi ìka ọwọ́ rẹ̀ dí i. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń pa á kí wọ́n tó tú u. Bí mẹkáníìkì yín kò bá mọ èyí, kó má fọwọ́ kan bùréèkì ọkọ̀ náà.

Ní ti sípíríìn, bó bá jẹ́ àpò kan ṣoṣo ló jò, tí àwọn tó kù sì dára, ẹ ra méjì fún iwájú, kí ẹ má ba ìgbádùn ọkọ̀ yín jẹ́. Bó bá jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ti ń fẹ́ já, lójú ọ̀nà tí ẹ ń gbà, mẹkáníìkì yín kò gbà yín nímọ̀ràn búburú. Ṣùgbọ́n sípíríìn tí wọ́n ṣe fún ìwọ̀n ọkọ̀ náà ni kó rà, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tirẹ̀, kì í ṣe èyí tí ó gé lára ọkọ̀ mìíràn. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó ní kọ̀ǹpútà pa iná ìkìlọ̀ afẹ́fẹ́ inú dáṣíbọ́ọ̀dù, torí bó bá ń tàn lójoojúmọ́, ojú yín yóò mọ́ ọn lára, ẹ kò sì ní mọ̀ lọ́jọ́ tí ìkìlọ̀ tòótọ́ bá tàn.