Ṣé kí n gba ìlà tí ẹ̀rọ fà yí orí ọmọ inú ká?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ síkáànù ni mò ń kọ́. Ẹ̀rọ tí à ń lò máa ń dá orí ọmọ inú mọ̀ fúnra rẹ̀, á fa ìlà yí i ká, á sì sọ ìwọ̀n rẹ̀. Nígbà míì, ìlà náà á yà bàrá. Ṣé kí n máa gbà á, àbí kí n máa fọwọ́ ara mi wọ̀n ọ́n?

Ìdáhùn: Jẹ́ kó fà á, ṣùgbọ́n kó o tó wo ìlà, wo àwòrán fúnra rẹ̀. Irú ètò kọ̀ǹpútà tó ń fa ìlà bẹ́ẹ̀, bíi U-Net tí wọ́n gbé jáde ní Freiburg, Jámánì, lọ́dún 2015, ń yẹ gbogbo àmì tíntìntín inú àwòrán wò, ó ń pinnu èyí tó jẹ́ orí. Púpọ̀ nínú wọn kì í bi ọ́ bóyá ibi tó yẹ lo ti ya á. Ìlà lè gún régé lórí àwòrán tí kò yẹ ká wọ̀n rárá. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí ojú kì í tètè rí i, ìwọ̀n yẹn la sì fi ń ṣírò ọjọ́ orí oyún. Ìlà àárín ọpọlọ gbọ́dọ̀ hàn, kí cavum septi pellucidi, àlàfo kékeré olómi inú ọpọlọ, gé e níwájú, kí thalamus méjèèjì, ẹ̀yà ọpọlọ tó wà láàárín gbùngbùn, wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀. Bó o bá rí cerebellum, ọpọlọ kékeré tó wà níhà ìpàkọ́, o ti tẹ ẹnu ẹ̀rọ tó o gbé sórí ikùn sẹ́yìn jù. Tún un yà.

Ní ti ìlà tó ń yà, ìró la fi ń ya àwòrán yìí. Eegun tó dojú kọ ìró tààrà á dá a padà, á funfun báláú. Ṣùgbọ́n bí ìlà àárín bá dùbúlẹ̀ lójú àwòrán, ìró kàn ń fẹ̀gbẹ́ kan eegun iwájú orí àti ti ìpàkọ́ kọjá ni. Díẹ̀ ló ń padà, eegun á ṣá tàbí kó pòórá. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń méfò. Bí ògiri ilé-ọmọ tó funfun bá wà nítòsí, ó lè gbá a mú bí eegun. Tẹjú mọ́ ibi méjèèjì yìí. Ẹ̀gbẹ́ òde eegun ni kí ìlà gbà, kó má kó awọ orí mọ́ ọn.

Nígbà tó o ṣì ń kọ́ṣẹ́, kọ́kọ́ fọwọ́ wọ̀n ọ́n, kí ẹ̀rọ tó fa tirẹ̀. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá jìnnà síra, pe ọ̀gá rẹ wá wò ó kí aláboyún tó dìde.